Ta Ni A Ń Sè É Fún?

Ẹ ka: 1 Àwọn Ọba 19:1-8, Númérì 11:4-6, Jòhánù 21:1-14

 

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn olóṣù mẹ́ta wa yìí lè kọ́kọ́ dà bí ìbéèrè kékeré, nítorí pé inú ilé ìdáná ni a ti rí i. Òun nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí obìnrin tí ó ku òun nìkan nínú ilé dáná, kí ó dúró ti ìkòkò fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì se oúnjẹ tí ó dùn, tí ó ń tu ara, fún ara rẹ̀ nìkan? Tàbí àṣejù ni, tàbí ìmọ-tara-ẹni-nìkan?

Kì í ṣe pé a kàn hùmọ̀ ìbéèrè yìí láti fi kún ojú ìwé. Opó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Kánádà àti ní Amẹ́ríkà pọ̀. Àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ilé wọn tí ó máa ń kún fún ariwo ọmọdé ti dákẹ́, pọ̀ pẹ̀lú. Obìnrin tí ó fi ogójì ọdún gbé ìkòkò ńlá kaná fún ọkọ, fún ọmọ, fún àna àti fún àlejò, bí ó bá ku òun nìkan tán, ìkòkò náà á gun orí pẹpẹ lọ, eruku á sì bò ó. Gààrí ni yóò mu lọ́sàn-án, yóò fi tíì sín búrẹ́dì jẹ lálẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè pé kí ló dé, ìdáhùn kan náà ni ẹ óò máa gbọ́: “Ta ni mo fẹ́ sè é fún?”

Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, a ó gbọ́ ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ ń sọ pé òun alára kò sí nínú àwọn tí a ń dáná fún. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ikùn ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ìdí sì nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a jọ sọ ọ́.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà rìn ní ojú sánmà, ẹ jẹ́ kí a mú oúnjẹ kan pàtó. A mú ọbẹ̀ àlùbọ́sà tí àwọn ará ilẹ̀ Faransé ń sè, èyí tí wọ́n ń fi búrẹ́dì àti wàràkàṣì, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ṣíìsì, bò lórí. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ ní ìlú òyìnbó nígbà òtútù lè ti bá a pàdé. Ohun mẹ́ta ni ó jẹ́ kí a mú un. Àkọ́kọ́, ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju àlùbọ́sà àti búrẹ́dì tí ó ti le lọ. Èkejì, kò ṣeé kánjú sè. Ẹ̀kẹta, oúnjẹ ìtùnú ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọbẹ̀ yìí bá òwe náà jiyàn díẹ̀, nítorí pé sùúrù ni ó ń pa á ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ní àárín gbùngbùn ìlú Páríìsì, ọjà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Les Halles. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ ni ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́ àti èso tí gbogbo ìlú ń jẹ ti ń wá. Òǹkọ̀wé Émile Zola kọ ìwé ìtàn kan nípa ọjà náà ní 1873, ó sì fi ọjà náà wé ikùn ìlú Páríìsì. Òru ni iṣẹ́ máa ń gbóná níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìlú bá ń sùn ni àwọn àgbẹ̀ ń kó ẹrù dé, tí àwọn aláàárù ń gbé ẹran sí èjìká, tí àwọn alápatà ń ṣí ìsọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí a yà sí àwọn ilé oúnjẹ tí ó yí ọjà náà ká, wọn a sì mu ọbẹ̀ àlùbọ́sà gbígbóná kí wọ́n tó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1969 ni wọ́n kó ọjà náà kúrò lọ sí Rungis, ní gúúsù ìlú, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà kò bá a lọ. Wọ́n ṣì ń tà á ní àdúgbò ibẹ̀ títí di òní.

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń jókòó síbẹ̀ ní òru kan náà. Àwọn olówó tí wọ́n ti òde ijó àti ilé eré orí ìtàgé bọ̀, tí aṣọ iyebíye wà lọ́rùn wọn, a máa yà láti wá mu nínú ọbẹ̀ tí àwọn aláàárù ń mu. Ìkòkò kan náà ni, adùn kan náà ni. Ẹni tí ó gbé ẹrù mọ́jú mu ún, ẹni tí ó jó mọ́jú náà mu ún. Ǹjẹ́ ìtùnú kan náà ni àwọn méjèèjì rí gbà? Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. A ó padà sí i.

Ọ̀nà tí a ń gbà sè é nìyí, nítorí pé àlàyé tí kò ní ìkòkò nínú kò lè yé obìnrin tó ń dáná. Fún abọ́ mẹ́rin, ẹ wá àlùbọ́sà ńlá mẹ́fà, tí yóò tó nǹkan bí kílò kan. Bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì àti òróró ṣíbí kan. Fùláwà ṣíbí kan. Omi ẹran tí a ti bọ̀, lítà kan àtààbọ̀. Táìmù díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀. Búrẹ́dì tí ó ti lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àti wàràkàṣì tí a ti rin, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin.

Ẹ bó àlùbọ́sà náà, kí ẹ sì rẹ́ ẹ ní tín-ín-rín. Ẹkún ni ẹ óò kọ́kọ́ sun. Nígbà tí ọ̀bẹ bá gé àlùbọ́sà, àwọn èròjà tí Ẹlẹ́dàá fi pamọ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ á pàdé ara wọn, wọn á sì di èéfín tí a kò fi ojú rí, tí ó ń ta ni lójú. Ojú á wá sun omijé láti fi fọ̀ ọ́ dànù. Ní 2002, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Japan ṣàwárí pé èròjà kan wà nínú àlùbọ́sà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti ṣe ohun tí ń mú omijé wá náà. Ọ̀bẹ tí ó mú, àti àlùbọ́sà tí ó ti wà nínú fìríìjì fún ìgbà díẹ̀, a máa dín ẹkún náà kù.

Ẹ yọ́ bọ́tà àti òróró nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ da àlùbọ́sà sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí iná rẹ̀ rọra jó. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, àlùbọ́sà á rọ̀, á sì tu omi tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Bí omi náà bá ń gbẹ lọ, ṣúgà tí ó wà nínú àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ á máa ki, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ máa rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan, ìkòkò tí ó kún á ti wálẹ̀ di nǹkan díẹ̀, tí ó pupa bí oyin ìgàn, tí ó sì dùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ṣúgà sí i. Bí ẹ bá ṣáná sí i kí ó lè tètè jinná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ kò ní dùn, gbogbo ìkòkò á sì korò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ́n fùláwà sí i, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ da omi ẹran àti táìmù sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa hó díẹ̀díẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn ará Faransé a máa da wáìnì sí i. Àwa jẹ́ ọmọ ìjọ tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń kìlọ̀ nípa ọtí, fínígà ṣíbí kékeré kan sì tó láti fún un ní kíkan díẹ̀ tí ó ń fẹ́. Ẹ yan búrẹ́dì náà kí ó gbẹ, ẹ gbé e lé ọbẹ̀ lórí nínú abọ́ tí iná kò lè fọ́, ẹ bù wàràkàṣì lé e, kí ẹ sì gbé e sínú ófùnù títí tí òkè rẹ̀ yóò fi yọ́ tí yóò sì pọ́n. Ẹni tí kò bá ní ófùnù lè gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì lé ọbẹ̀ nínú ìkòkò, kí ó dé e. Ooru ọbẹ̀ á yọ́ ọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Gruyère, tí ó ti ilẹ̀ Switzerland wá, ni àwọn ará Faransé fẹ́ràn jù fún un, nítorí pé ó ń yọ́, ó sì ń fà bí ewédú. Ó wọ́n púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyíkéyìí tí ó bá ń yọ́ tó. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń ta, tí wọ́n ń fi omi bomubomu mú kí ó dì, kì í yọ́ rárá bí ó ti wù kí iná pọ̀ tó. Bí òun ni ẹ bá ní, ẹ dín in kí ó pọ́n, kí ẹ sì tò ó sórí búrẹ́dì; kò ní fà, ṣùgbọ́n yóò dùn. Ẹ̀yin tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rántí pé iyọ̀ wà nínú wàràkàṣì tẹ́lẹ̀, kí ẹ dín ti ìkòkò kù.

Wàyí o, obìnrin kan gbé abọ́ ọbẹ̀ yìí síwájú ara rẹ̀ lálẹ́, òun nìkan. Ǹjẹ́ ó ṣe dáadáa?

Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá a wí á sọ pé Ọlọ́run ni Olùtùnú, a kò gbọdọ̀ wá ìtùnú nínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ nínú. Síbẹ̀, ẹ wo bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ṣe nígbà tí wòlíì Èlíjà sá fún Jésíbẹ́lì. Ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, ó rìn lọ sínú aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí òun kú. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i kò wàásù fún un, kò bá a wí, kò ka ẹsẹ kankan fún un. Ó jí i, ó sì fi àkàrà tí a dín lórí ẹyín iná àti omi hàn án. Èlíjà jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí ó tún jẹun nítorí pé ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀ jìn. Lẹ́yìn tí ó jẹun tán, tí ó sì rìn dé Hórébù ní ogójì ọjọ́, ni Ọlọ́run tó béèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Oúnjẹ ṣáájú ìbéèrè. Àwọn baba wa mọ èyí nígbà tí wọ́n sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Ẹ sì wo iye ènìyàn tí ọ̀run dáná fún lọ́jọ́ náà: ẹnìkan ṣoṣo. Kò sí ọkọ níbẹ̀, kò sí ọmọ, kò sí àlejò. Ẹnìkan tí ó ti rò pé ayé òun ti parí ni áńgẹ́lì ń tọ́jú àkàrà fún. Bí ọ̀run kò bá ka dídáná fún ẹnìkan ṣoṣo sí ìfiṣòfò, ta ni àwa tí a ó kà á sí bẹ́ẹ̀? Olúwa wa pẹ̀lú, lẹ́yìn àjíǹde rẹ̀, dá iná ẹyín ní etí òkun, ó sì yan ẹja sílẹ̀ de àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣe làálàá ní gbogbo òru. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ni ó tó bi Pétérù léèrè bóyá ó fẹ́ràn òun.

Ẹnìkejì tí yóò ta kò wá á mú àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Yóò ní kí a ka Númérì orí kọkànlá, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń sunkún nítorí ẹja, bàrà, àlùbọ́sà àti aáyù ilẹ̀ Íjíbítì, tí ìbínú Olúwa sì ru. Yóò tún mú Ísọ̀ wá, tí ó ta ogún ìbí rẹ̀ nítorí abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀wà kan. Àwọn ìkìlọ̀ yìí wúwo, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn gan-an? Àlùbọ́sà kọ́ ni ó ṣẹ̀. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rántí adùn ẹnu wọn, wọ́n sì gbàgbé pàṣán tí ó wà lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Adùn náà mú kí wọ́n fẹ́ padà sí oko ẹrú. Ísọ̀ kò lè dúró kí ebi tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó sì fi ohun tí ó tóbi san owó ohun kékeré. Oúnjẹ tí ó mú Èlíjà dìde tí ó sì rìn síwájú, àti oúnjẹ tí ó mú Ísírẹ́lì fẹ́ padà sẹ́yìn, lè dùn bákan náà lẹ́nu. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹni yà sí lẹ́yìn oúnjẹ ni a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Níbí ni a ti lè dáhùn ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ ní ọjà Páríìsì. Aláàárù mu ọbẹ̀, ó padà sídìí ẹrù. Olówó mu ọbẹ̀, ó lọ sùn títí ọ̀sán. A kò sọ pé olówó dẹ́ṣẹ̀ nítorí pé ó jẹun. Ohun tí a ń sọ ni pé ara tí ó rẹ̀ ni ìtùnú wà fún. Obìnrin tí ó ti sin ọkọ, tí ó ti tọ́ ọmọ, tí ó ń gbé ẹrù ìdánìkanwà lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ aláàárù ni ìjókòó rẹ̀ wà. Kí ó má jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ó jí abọ́ gbé.

Ẹnìkẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Òun yóò béèrè pé báwo ni a ṣe lè máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ adùn nígbà tí ebi ń pa àwọn kan ní àdúgbò wa. Bàbá wa nínú ìgbàgbọ́, John Wesley, béèrè irú ìbéèrè yìí. Ní 1773 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nípa ọ̀wọ́n oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ níbẹ̀ pé òun mọ ẹni tí ó ń ṣa egungun tí ajá jẹ kù ní òpópónà láti fi se ọbẹ̀ kí ó má baà kú. Lára ohun tí ó dá lẹ́bi ni ọkà tí wọ́n ń fi pọn ọtí, àti ìgbé-ayé-fàájì àwọn olówó. Ìtùnú àwọn kan ni ó di ebi àwọn mìíràn. A gba ìbáwí yìí mọ́ra. Nítorí náà ni a fi sọ pé kí ẹ má lépa Gruyère, kí ẹ má sì gbé owó ilé lọ ra ohun tí ọkọ̀ òfurufú gbé wá. Àlùbọ́sà, búrẹ́dì àná àti omi ẹran kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Pàápàá jù lọ, ẹ̀mí ọbẹ̀ yìí ni pé kí a má da búrẹ́dì tí ó le nù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwa obìnrin ju gbogbo wọn lọ. Olúwa wa pàṣẹ pé kí á fẹ́ ẹnìkejì wa gẹ́gẹ́ bí a ti fẹ́ ara wa. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọdé ní ìṣirò mọ̀ pé bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ òdo, ohun tí a bá fi wọ̀n náà yóò jẹ́ òdo. Bí ohun tí ó tọ́ sí ara mi bá jẹ́ gààrí tí kò ní ṣúgà, lábẹ́ òfin yìí, kí ni mo ń wọ̀n fún ẹnìkejì mi? Ẹnìkan lè dáhùn pé àwọn ìyá wa kò jẹun kí àwa lè jẹun, ìfẹ́ wọn kò sì jẹ́ òdo. Òótọ́ ni. A bọlá fún wọn, a kò sì lè san oore wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ṣe ní ọjọ́ ìyàn kò di òfin fún ọjọ́ tí oúnjẹ wà. Àwọn ọmọbìnrin wa sì ń wò wá. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí ni pé obìnrin máa ń jẹ eegun nígbà tí ilé kún, tí kì í sì jẹ nǹkan kan nígbà tí ilé ṣófo, ohun tí wọn yóò ṣe fún ara wọn lọ́la nìyẹn. Kò sí ìyá tí yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù máa fi tíì àti búrẹ́dì sùn nítorí pé òun nìkan ni ó wà ní yàrá. Ohun tí a kò fẹ́ fún ọmọ wa, kí ló dé tí a fi gbà á fún ara wa?

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé ó tọ́, ó sì yẹ, kí obìnrin tí ó dá wà máa dáná fún ara rẹ̀. Kí ó tẹ́ tábìlì, kí ó bu oúnjẹ sí abọ́ tí ó dára, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó sì jẹun pẹ̀lú ayọ̀. Kí ó wò ó kí ìtùnú náà má fa á padà sí oko ẹrú kankan, kí ó má gba ti ẹlòmíràn, kí ó sì fún un lágbára láti dìde ní ọ̀la.

Ní ti ọbẹ̀ àlùbọ́sà, ìkòkò fúnra rẹ̀ á tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Kò sí ẹni tí yóò dúró ti àlùbọ́sà kan ṣoṣo fún wákàtí kan. Abọ́ mẹ́rin ni yóò jáde, iná mànàmáná wa kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé pé fìríìjì yóò tọ́jú mẹ́ta tí ó kù. Ẹ pe aládùúgbò. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ má ṣe sọ àlejò di ìwé àṣẹ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó lè dáná. Bí aládùúgbò kò bá wá, ẹ jẹ abọ́ tiyín. Ẹ kò nílò àwáwí kankan.

A mọ̀ pé ọbẹ̀ kò lè jí òkú, kò sì lè mú ọmọ dé láti òkè òkun. Bí ìbànújẹ́ bá ti gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, tí ara ń rù, tí oorun kò wá, dókítà ni ó yẹ kí ó rí, kì í ṣe ìkòkò. Ojúṣe tiwa nínú ẹgbẹ́ sì wà níbẹ̀. Nínú ìwàásù rẹ̀ nípa bíbẹ àwọn aláìsàn wò, èyí tí ó kọ ní 1786, Wesley tẹnu mọ́ ọn pé fífi ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ kò tó, ó yẹ kí á fi ẹsẹ̀ ara wa lọ. Kí olúkúlùkù olórí kíláàsì wo orúkọ àwọn tí ń dá gbé nínú kíláàsì rẹ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí á má kàn béèrè pé “Ṣé àlàáfíà ni?” nítorí pé gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń dáhùn ìyẹn. Kí á béèrè pé, “Màmá, kí lẹ jẹ lánàá?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ kí ọkàn wa bàjẹ́, kí á bọ́ gèlè sílẹ̀, kí á wọ ilé ìdáná wọn, kí á sì bó àlùbọ́sà. Kí á jọ sunkún díẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí ẹkún náà.

Kí Ọlọ́run ìtùnú gbogbo, tí ó bọ́ wòlíì rẹ̀ nínú aginjù, bẹ gbogbo ilé tí ó dákẹ́ wò nínú ẹgbẹ́ wa. Kí iná má kú nínú ààrò wa. Àmín.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé kíláàsì:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ tí áńgẹ́lì fún Èlíjà àti oúnjẹ tí Ísírẹ́lì ń sunkún fún?
2. Kí ni àwọn ọmọbìnrin wa ń kọ́ láti inú bí àwa ti ń jẹun?
3. Ta ni ó ń dá gbé ní àdúgbò wa, nígbà wo ni ẹnìkan sì wọ ilé ìdáná rẹ̀ kẹ́yìn?